Ìsáǹsá Tó Bá Ọlọ́pàá Pààrọ̀ Táyà

Ní gbogbo agbègbè wa, kò sí ọkùnrin kan tó ń pa òfin mọ́ tó Zeidan, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ìjọba ń wá. Bó bá wa pikọ́ọ̀pù jákujàku rẹ̀ wọ Kuweira, ìlú kékeré tó wà létí aṣálẹ̀ wa, tí iná ojú títì bá ti pọ́n, ó ti dúró nìyẹn. Ọkọ̀ kankan lè má sí níbẹ̀, kó jẹ́ ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ń jẹ páálí ló wà lójú títì, Zeidan á gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, á máa wo iná. Àwọn tó jókòó ti tíì síwájú ṣọ́ọ̀bù á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Ìsáǹsá, kọjá jàre, ta ló ń wò ọ́?" Òun náà á ní, "Iná ń wò mí."

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, Wadha ni mí, ìyàwó Fendi. Àgọ́ bàbá ọkọ mi ni Zeidan sá wọ̀, ojú mi báyìí ló ṣe. Àwọn tó ń bu iyọ̀ sí ìtàn náà lọ́jà, mo ti wí fún wọn lójú ara wọn pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ọ̀sán gangan ló dé. Ìyá ọkọ mi, Tarfa, ń mi wàrà nínú àpò awọ kó lè di bọ́tà, èmi ń po ìyẹ̀fun. Bàbá ọkọ mi, Huwaimil, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Fendi, gbé ẹsẹ̀ ewúrẹ́ kan lé itan, ó ń yọ ẹ̀gún lára rẹ̀. Ọkùnrin kan tó gbẹ bí igi ìdáná ṣàdédé ya wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá òpó àárín àgọ́ mú, ó ní, "Mo wọlé yín."

Bàbá Fendi kò tilẹ̀ fi ewúrẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "O ti wọlé. Wadha, bu omi fún un."

Bó ti rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó bá ti di òpó mú, bó jẹ́ òun ló pa ẹ̀gbọ́n ẹ, o máa kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ ná, o ò sì gbọdọ̀ bi í ní nǹkan kan títí ọjọ́ mẹ́ta á fi kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ahọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Mo ń gbé búrẹ́dì fún un, mo ń gbé wàrà fún un, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń wo bàtà rẹ̀, bóyá mo lè fojú mú ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Tarfa rí mi, ó ní, "Wadha, o ti wo ọkùnrin náà títí aṣọ rẹ̀ ti fẹ́ lu. Fi í sílẹ̀."

Nígbà tí àsìkò ìbéèrè tó, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Òdì kejì òkun ló ti wá. Olùṣọ́ ilẹ̀kùn omi ni, níbi tí ìjọba ìlú wọn ti la omi odò wá sí oko. Ọ̀gbẹlẹ̀ kan wá jà, gbogbo kànga gbẹ, ni àṣẹ bá wá láti òkè pé kí ó ti ilẹ̀kùn tó kọjú sí abúlé, kí gbogbo omi lè máa lọ sí oko ẹni ńlá kan. Ó tì í. Ó tì í títí di òwúrọ̀ tí àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ wá síbi ilẹ̀kùn náà, tí wọn ò bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n kàn jókòó. Ó ṣí i. Àwọn aláṣẹ ní ó jí ohun ìní ìjọba. Kí wọ́n tó dé láti mú un, ó ti bá ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja lọ. Lẹ́yìn tó lọ tán ni ilé ẹjọ́ jókòó, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ fún un láì gbọ́ gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀.

Tarfa ní, "Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Omi mímu ni wọ́n pè lólè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Omi tí ẹranko pàápàá ò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ kó tó mu. Ìlú yín ti bàjẹ́."

Ó ṣe bí ẹni tó ń ronú lórí rẹ̀, ó ní, "Ìlú náà kọ́ ló bàjẹ́, Ìyá. Àwọn tó ń dá a rú ni."

Báyìí ló di ara wa. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga wa, tó ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, ó tú u palẹ̀ lórí aṣọ, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ohùn rẹ̀ já gaara. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń gbé lórí àwọn òkè òkúta tó yí wa ká náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ̀ ẹ́. Ó ra pikọ́ọ̀pù rẹ̀, ó ń lọ láti kànga dé kànga. Kò sí obìnrin kan ní agbègbè wa tí kò mọ ìró ọkọ̀ yẹn, torí bí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé omi ti dé.

Ìwà kan ṣoṣo ló ní tó ń mú inú bí mi. Bó ti rí ẹsẹ̀ dúró tán, ó béèrè ibi tí àlejò ti máa ń fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Fendi ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀.

"Gbọ́, Zeidan. Olè wo ló ń lọ kọ orúkọ sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Èmi kì í ṣe olè."

"Àwọn ní olè ni ọ́."

"Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ orúkọ mi gan-an nìyẹn."

Ó sì lọ. Ó kọ orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ bàbá rẹ̀, ìlú tó ti wá. Mo bú u nígbà tó dé. Mo ní orí rẹ̀ kò pé. Mo ní ẹni tí kìnnìún ń lé kì í dúró kí kìnnìún káàárọ̀. Ó ní, "Arábìnrin mi, bí mo bá ń gbé lórí ilẹ̀ wọn, tí mò ń mu omi wọn, ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé mo wà níbẹ̀." Mo bá gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ariwo.

Ohun tí mo ní yóò ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Orúkọ náà rìn títí, ó kọjá òkun, ìwé sì padà wá pé kí wọ́n fà á lé ìjọba ìlú rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹni tó gbé ìwé náà wá ni Nayif, ọ̀gá ọlọ́pàá aṣálẹ̀. Ẹ̀yà mìíràn ni, ṣùgbọ́n ọmọ àgọ́ bíi tiwa ni, àfi pé bàtà rẹ̀ máa ń dán ju ojú àwo lọ. Ó wọlé, ó kí gbogbo wa, ó jókòó, Bàbá Fendi sì da kọfí fún un. Nayif gba ife náà, ó gbé e kalẹ̀ lórí ẹní níwájú rẹ̀, kò mu ún.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gbé kọfí kalẹ̀ láì mu, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá, ìtìjú ńlá sì ni fún onílé bí kọfí yẹn bá tutù. Onílé tó gbọ́n á kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí lo bá wá?" Bàbá Fendi ni mò ń sọ yìí o. Ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ máa ń ṣáájú orí rẹ̀ dé gbogbo ibi tó bá ń lọ. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù láyé ni kí èèyàn wá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdún tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ràkúnmí tó ń gùn, èyí tó dára jù lọ, tọrẹ. Ní ọjọ́ yìí, ó ti dá a rò pé Nayif wá tọrọ ọmọ àbúrò òun fún ọmọkùnrin rẹ̀, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ní, "Mu kọfí rẹ, ọmọ mi. Ohun tí o bá wá fún, o ti gbà á."

Ojú Nayif yí padà. Mo rí i pé kò dùn mọ́ ọn nínú.

"Bàbá Fendi, ẹ ò tíì béèrè."

"Mo ní o ti gbà á."

"Ọkùnrin tó wà nínú àgọ́ yín ni mo wá fún. Zeidan."

Láti ẹ̀yìn aṣọ tó pín àgọ́ sí méjì ni Tarfa ti ní, "Bàbá Fendi, ẹnu yín yìí. Ẹyin lohùn, mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ́ yín." Bàbá Fendi gbé ọwọ́ lé irùngbọ̀n rẹ̀. Zeidan wà lẹ́yìn àgọ́ níbi tó ti ń fi epo pa ìdè ẹ̀rọ, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì mira.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Bó bá fa ẹni tó di òpó rẹ̀ mú fún ọlọ́pàá, kò sí àgọ́ tí yóò tún pè é ní èèyàn. Bó bá kó ọ̀rọ̀ tó ti sọ lórí kọfí jẹ, ọ̀kan náà ni.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ìwé rẹ yìí, kí ló wí gan-an?"

"Ó ní kó wá síwájú adájọ́ ní ìlú Akaba lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Adájọ́ ni yóò sọ bóyá wọ́n á fà á fún ìlú rẹ̀ tàbí wọn ò ní fà á."

"Ìwọ kọ́ ló máa dá a?"

"Èmi kọ́."

"Ó dáa. Mi ò ní fà á lé ọ lọ́wọ́, torí ó wọlé mi. Mi ò sì ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, èmi fúnra mi ni n ó mú un dé iwájú adájọ́, lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, láìsí ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́. Mo fi ojú mi, iyì mi gan-an, dúró fún un."

Nayif wò ó títí. Ó gbé kọfí tó ti tutù náà, ó mu ún tán. Ó ní, "Ojú yín tó mi, Bàbá." Ó jáde, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Eruku ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tí ilé wa fi dà rú. Fendi ní, "Mo ti rí ojútùú. Àwọn ẹbí ìyá mi wà lẹ́yìn òkè yanrìn lọ́hùn-ún, lápá ibi tí ọlọ́pàá kankan kì í dé. Kí ọ̀sán ọ̀la tó pọ́n, ó ti ń mu wàrà lọ́dọ̀ wọn. Ta ló ti gbọ́ ọ rí pé a fa ẹni tó wọlé wa fún ẹni tó fẹ́ pa á?"

Tarfa ní, "Ta ló sì ti gbọ́ ọ rí pé a fi ojú dúró tán, a tún kó ọ̀rọ̀ jẹ?"

"Ìyá, ojú á sàn. Ẹ̀mí tó bá lọ kì í padà."

"Ojú bàbá rẹ kò ní sàn. Nígbà tí wọ́n bá so aṣọ dúdú mọ́ ọ̀nà tó wọ ibùdó wa, kí gbogbo ayé mọ̀ pé èké ń gbé níbẹ̀, ìwọ lo máa lọ tú u?"

Èmi ń bẹ lẹ́yìn ọkọ mi, mi ò sì tijú. Mo fẹ́ràn Zeidan bí àbúrò, mo fẹ́ kó wà láàyè. Mo jáde lọ bá a lẹ́yìn àgọ́. Bàbá Fendi ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ẹ̀rọ omi tó wà láàárín wọn bí ẹni ń wo aláìsàn.

Bàbá Fendi ní, "Ojú tèmi ni mo fi dúró, ọrùn tìẹ kọ́. Bí o bá fẹ́ lọ, lọ. O rí i pé àgọ́ mi kò nílẹ̀kùn."

Zeidan ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Bí wọ́n bá fà mí lé wọn lọ́wọ́, mi ò ní jáde níbẹ̀ mọ́."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

Mo dá sí i. Mo ní, "Zeidan, kí lo tún ń wá lọ́dọ̀ adájọ́? Wọ́n ti dá ọ lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan láì gbọ́ tẹnu rẹ. Ìyá kan náà ló bí gbogbo wọn."

Ó gbójú sókè, omi ti dé ojú rẹ̀, kò sì nù ún. "Arábìnrin mi, òfin tí mo sá fún yẹn kò pè mí kí n wá sọ̀rọ̀. Èyí pè mí. Bí mo bá sá fún èyí tó pè mí, ìgbà yẹn ni mo di olè lóòótọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa mi á wá jóòótọ́."

"Olè tó wà láàyè ńkọ́? Kò sàn ju olóòótọ́ tó wà lẹ́wọ̀n?"

"Mi ò mọ̀," ni ó wí. "Má bínú, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún ẹ̀rọ yìí ṣe tán ná, àwọn ewúrẹ́ kò tíì mu omi."

Bó ṣe fi wá sílẹ̀ nìyẹn. Títí ọjọ́ Àìkú fi mọ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, a jí láàárọ̀, ó ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù funfun Fendi tó tóbi jù ú lọ. Fendi ló wa pikọ́ọ̀pù wa. Bàbá Fendi àti Zeidan jókòó sí iwájú, èmi àti Tarfa wà lẹ́yìn lórí ẹní, torí Tarfa ní bí wọ́n bá fẹ́ gbé ẹnìkan lọ láti ilé òun, wọ́n máa gbé e lójú òun. Nayif àti awakọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, wọn ò sún mọ́ wa jù, bí ẹni tó ń sin èèyàn lọ sí ìgbéyàwó.

A ti kọjá Kuweira, a ti ń wọ àárín àwọn òkè, nígbà tí a gbọ́ gbàmù lẹ́yìn wa. Táyà ọkọ̀ ọlọ́pàá ti bẹ́. Mo rí ọkọ̀ náà tó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó dúró. Fendi wo dígí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì tẹ iná kí ọkọ̀ lè sáré sí i.

"Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ náà," ni ó wí. "Ẹ wo ọ̀nà yanrìn lápá òsì lọ́hùn-ún. Ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá mi tààrà ni."

Èmi náà ń fi ọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀ láti ẹ̀yìn pé kó yà, kó yà kíá. Tarfa gbá mi lọ́wọ́. Láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn mo rí ọwọ́ Bàbá Fendi lórí orúnkún rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó ti sọ pé kí Zeidan yàn, kò sì fẹ́ fi ojú tàbí ẹnu yàn fún un. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ń gbé ikú mì. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀sín náà sì ń bọ̀ kánkán bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ oríta.

Zeidan ní, "Fendi, dúró."

Fendi tún tẹ iná sí i.

"Dúró, àbí kí n bẹ́ sílẹ̀?" Ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn gbá ẹ̀wù funfun náà sókè.

Fendi tẹ bíréèkì, gbogbo wa sì ṣubú lu ara wa. Zeidan sọ̀kalẹ̀. Kò wo òsì, kò wo ọ̀tún. Ó kọjú sí ọ̀nà tí a ti wá, ó ń fi ẹsẹ̀ rìn padà lọ bá ọlọ́pàá nínú oòrùn. Fendi gbé orí lé sítíárìn, ó ń bú u ní ohùn jẹ́jẹ́. Bàbá Fendi mí kanlẹ̀, ó ní, "Yí ọkọ̀ padà, ká lọ bá wọn."

Nígbà tí a débẹ̀, awakọ̀ ọlọ́pàá ń wo ìwé tó bá ọkọ̀ wá, ó fẹ́ mọ ibi tí jáàkì ń wọ̀. Ọmọ ìlú ńlá ni. Zeidan ti káwọ́ ẹ̀wù sókè, ó ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó gbé e sókè, ó tú táyà, ó ní kí wọ́n mú táyà àfikún wá. Wọ́n mú un wá. Táyà àfikún náà ti rọ pátápátá.

Zeidan wo Fendi. Fendi ní, "Rárá."

"Wọ́n bára mu, Fendi. Ọkọ̀ kan náà ni."

"Kí n yá ọlọ́pàá ní táyà mi, kí wọ́n lè fi gbé ọ lọ sẹ́wọ̀n?"

"Kí a lè tètè dé ni. Wọ́n á ti máa dúró dè wá."

"Ìwọ nìkan ni ìsáǹsá tó ń bẹ̀rù pé òun á pẹ́ dé," ni Fendi wí, ó sì lọ tú táyà àfikún wa. Ó ń kùn, ó ń yí i bọ̀. Nayif ọ̀gá ọlọ́pàá kúnlẹ̀ nínú eruku, ó kó àwọn nọ́ọ̀tì sínú fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó ń na ọ̀kọ̀ọ̀kan sí Zeidan bó ṣe ń dè wọ́n padà, bàtà rẹ̀ kò sì dán mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ nǹkan fún Zeidan, ṣùgbọ́n ó kàn da omi sí i lọ́wọ́ kó fi fọ epo dànù.

A pẹ́ dé. Adájọ́, arúgbó tó fi okùn so awò mọ́ ọrùn, béèrè ohun tó fà á. Nayif dìde, ó sì ro gbogbo rẹ̀ láti orí táyà tó bẹ́ dé orí táyà tí wọ́n yá, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, títí kan ọ̀nà yanrìn tó wà lápá òsì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó yí sí Zeidan, ó ní, "O mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ níbí lónìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, olúwa mi."

"O sì padà."

"Ẹ pè mí ni."

Lọ́yà ìjọba ka ìwé tó wá láti òdì kejì òkun. Ó kún fún ọ̀rọ̀ ńláńlá, olè jíjà, ìdàlẹ̀, ohun ìní ìlú. Adájọ́ gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ohun ìní wo ló jí?"

"Omi ni, olúwa mi."

"Ó tà á?"

Lọ́yà yẹ ìwé rẹ̀ wò. "Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló mu ún?"

"Àwọn ará abúlé. Àti ẹran ọ̀sìn wọn."

Adájọ́ ní kí Zeidan sọ tẹnu rẹ̀. Zeidan la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó wá ní, "Ẹ foríjì mí. Kò sí ẹni tó bi mí rí nílé ẹjọ́." Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nípa àṣẹ, nípa ilẹ̀kùn tó tì, nípa àwọn ìyá tó jókòó. Kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní òun mọ̀ pé òun rú àṣẹ, òun kò sì kábàámọ̀.

Adájọ́ wọlé lọ. Ìgbà tó fi wà nínú ilé, Tarfa di ọwọ́ mi mú títí ọwọ́ mi fi kú. Nígbà tó jáde, kò jókòó dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti kún inú rẹ̀.

Ó ní, "Òfin ilẹ̀ wa ni pé a kì í fa ènìyàn fún ìlú mìíràn nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí a fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kí a tó ní ìjọba, kí a tó ní ilé ẹjọ́ yìí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó sì dá ọkùnrin yìí lẹ́bi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀. Mi ò fà á fún ẹnikẹ́ni. Zeidan, máa lọ sílé."

Tarfa ń mi ahọ́n lẹ́nu, ó ké igbe ayọ̀ kan tó gba gbogbo yàrá. Akọ̀wé kóòtù ní kó dákẹ́. Ó tún ké òmíràn, èyí tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, èmi náà sì gbè é. Fendi fi ìbòrí rẹ̀ bo ojú, ó ní eruku ló wọ òun lójú, nínú ilé tí wọ́n fi òkúta dídán tẹ́.

Níta, Nayif ṣí ọkọ̀ rẹ̀, ó mú aṣọ funfun kan jáde. Ó ti mú un bọ̀ láti ilé ní tirẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gba ojú onídùúró, bí ìlérí náà bá ṣẹ, òun ló yẹ kó so aṣọ funfun fún onídùúró náà, kí gbogbo ọ̀nà tó máa gbà kọjá lè mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run jẹ́ kí ojú yín funfun títí, Bàbá Fendi."

Bàbá Fendi gba aṣọ náà. Ó wò ó. Ó yí sí Zeidan, ó fi aṣọ náà lé e léjìká bí ẹni ń wọ ọkọ ìyàwó láṣọ.

Ó ní, "Ojú tèmi ni. Ìwọ lo dì í mú nígbà tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìwọ ni kí o so ó."

Zeidan ló so ó mọ́ igi rédíò ọkọ̀ wa, a sì gbéra. Fèrè ọkọ̀ ọlọ́pàá ń dún lẹ́yìn wa lórí táyà Fendi. Ní Kuweira, àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù rí funfun náà, wọ́n dìde dúró, àgbà àti ọmọdé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ìsáǹsá, o bọ́?" Zeidan na orí síta, ó ní, "Mi ò bọ́. Wọ́n dá mi láre." Mi ò tíì gbọ́ kí ọkùnrin yẹn pariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo gbàgbé pé èmi ni mo ní kó sá.

Nígbà tí a délé, tí Bàbá Fendi ti ní kí wọ́n pa àgùntàn, Fendi na fóònù rẹ̀ sí Zeidan, ó ní, "Pe ìyá rẹ." Láti ọjọ́ tó ti sá, kò pè é rí, torí kó má bàa kó bá a. Ó ka nọ́ńbà náà, èmi ni mo bá a tẹ̀ ẹ́, a sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí gbogbo wa lè gbọ́.

Obìnrin kan dáhùn, ohùn rẹ̀ ti gbó. Ó mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó rọra béèrè, bí ẹni tí ògiri ń gbọ́, "Ṣé o ṣì ń sá ni, ọmọ mi?"

"Mi ò sá mọ́, Ìyá. Mo lọ síwájú adájọ́. Ó gbọ́ tẹnu mi. Ó ní mi ò jalè."

Tarfa ti ń sunkún. Ìyá Zeidan ní, "Wọ́n ti ń bi mí léèrè ẹ láti ìgbà náà, mo sì ń ní mi ò bímọ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé mo lè dárúkọ ẹ báyìí?"

"Ẹ lè dárúkọ mi, Ìyá."

A gbọ́ tó dìde. A gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, a gbọ́ ariwo òpópónà ìlú kan tí a kò rí rí. Ó sì kígbe síta pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù lára rẹ̀ pé Zeidan ni ọmọ òun, Zeidan tó ṣí omi, pé adájọ́ ti ní kò jalè. Ohùn obìnrin kan dáhùn láti ojú ilé mìíràn, òmíràn tún dáhùn, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé, Zeidan sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń gbọ́ ọ.